Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìdíje Bọ́ọ̀lù Orí Ẹ̀rọ ní Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ Tún Ìlànà Àmì Yìí Kọ

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń darí ìdíje bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ sì kú iṣẹ́ ìlú.

Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ògiri àwọn ilé géèmù, láti Tàkíè títí dé Under G, ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ní láti ìdíje tó ń bọ̀ lọ, ẹni tó bá borí yóò gba àmì mẹ́ta, ẹni tó bá gbá ọ̀mì yóò gba ẹyọ kan, a ó sì tún máa fi àmì kan kún un fún góòlù kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni bá gbá wọlé, láìní gbèdéke, ìbáà borí, ìbáà pàdánù. Ìdí tí ẹ fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, ni pé àwọn òǹwòran fẹ́ góòlù. Ẹ kò bi àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù náà léèrè, ẹ kò sì bi èmi tí mo jókòó ti tábìlì yín fún ọjọ́ méjì gbáko nígbà Àjíǹde tó kọjá, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ èsì eré kọ̀ọ̀kan sínú ìwé.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Mo ti mú ọ̀rọ̀ yìí tọ ọ̀kan nínú yín lọ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́lẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Nígbà kejì, ó ní eré ọmọdé lásán ni. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan san kó tó wọlé kì í ṣe owó eré ọmọdé lójú òbí tó fún un, ẹ̀bùn tí ẹ kéde fún ẹni tó bá gba ipò kìíní kì í sì í ṣe owó gúgúrú. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá sí gbangba. Ẹ̀sùn mi kò ju ọ̀kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ẹ̀ka púpọ̀: ohun tí ẹ bá ń kà ni àwọn ọmọ yóò máa lé. Bí ẹ bá ka ìborí, wọn yóò wá bí wọn yóò ṣe borí. Bí ẹ bá ka góòlù, wọn yóò wá ẹni tí wọn yóò rẹ́ jẹ.

1. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìlànà tuntun yín ṣe ìṣirò. Ká ní ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ìsọ̀rí kan, tí olúkúlùkù sì bá àwọn mẹ́ta yòókù gbá a. Ọmọ àkọ́kọ́ na gbogbo wọn ní 1–0. Ọmọ kejì, lẹ́yìn tí ó ti pàdánù 0–1 lọ́wọ́ rẹ̀, tún pàdánù 5–6 lọ́wọ́ ọmọ kẹta, ó wá na ọmọ kẹrin ní 5–0. Ọmọ kẹta àti ọmọ kẹrin gbá ọ̀mì 0–0. Gẹ́gẹ́ bí ìwé yín ṣe wí, ọmọ àkọ́kọ́ ní àmì mẹ́sàn-án fún ìborí mẹ́ta àti àmì mẹ́ta fún góòlù mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Ọmọ kejì ní àmì mẹ́ta fún ìborí kan ṣoṣo àti àmì mẹ́wàá fún góòlù mẹ́wàá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13. Ọmọ tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀mejì nínú eré mẹ́ta, tí ipò kẹta ì bá jẹ́ tirẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ìborí àti ọ̀mì nìkan ni a kà, òun ni yóò gba ipò kìíní. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rí nà, tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí gbá góòlù kan sí láwọ̀n, yóò wá jókòó sí ipò kejì, yóò máa wá ojúrere.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ àtirí góòlù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí àtimú kí àwọn ẹgbẹ́ máa lé ìborí dípò kí wọ́n fara mọ́ ọ̀mì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ àmì ìborí di mẹ́ta dípò méjì ní ọdún 1981, tí ìdíje Ife Àgbáyé sì gba ìlànà náà ní 1994. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n fi àfikún náà sí: ìborí ni wọ́n fi kún, kì í ṣe góòlù. Ẹni tó bá fi nǹkan kún góòlù gan-an ń dá ohun tí kò lè mọ òpin rẹ̀ sílẹ̀, ọdún 1994 yẹn kan náà ló sì fi èyí han gbogbo ayé. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, Barbados àti Grenada pàdé nínú ìdíje àtiwọ ife àwọn erékùṣù Karibíà. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú òfin pé góòlù tí a bá gbá wọlé ní àfikún àkókò yóò parí eré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ó sì kà á sí méjì. Barbados nílò ìborí pẹ̀lú ìyàtọ̀ góòlù méjì kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú. Wọ́n ti wà ní 2–0 kí Grenada tó gbá ẹyọ kan wọlé nígbà tí eré ń parí lọ. Dípò kí wọ́n máa wá góòlù kẹta, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ara wọn kí ó lè di 2–2, kí àfikún àkókò lè wà. Bí Grenada ṣe rí i tán, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọn yóò ṣe gbá bọ́ọ̀lù sínú èyíkéyìí nínú àwọ̀n méjèèjì, nítorí bí wọ́n tilẹ̀ pàdánù pẹ̀lú góòlù kan péré, àwọn ni yóò tẹ̀ síwájú, ni àwọn Barbados bá pín ara wọn, wọ́n ń ṣọ́ iwájú, wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n rí àfikún àkókò wọn, wọ́n borí ní 4–2, wọ́n sì lọ. Wọn kò rú òfin kankan. Òfin ló rán wọn níṣẹ́.

2. Níbo ni góòlù púpọ̀ ti ń wá? Mo ṣí ìwé èsì Àjíǹde padà nígbà tí mo délé, mo sì jẹ́wọ́ pé n kò rí ohun tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí mo ń kọ ọ́. Nínú ìsọ̀rí kan tí ó ní ọmọ márùn-ún, ọ̀kan wà tí kò tíì di pádì PS4 mú rí kí ọjọ́ náà tó pé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló tì í wá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ bá pàdé nà án ní 11–0. Lẹ́yìn góòlù kẹfà, ọmọ náà gbé pádì lé itan, ó ń wo ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń wo fíìmù, alátakò rẹ̀ sì ń gbá a lọ nítorí ó mọ̀ pé bí àmì bá dọ́gba, àpapọ̀ góòlù ni ẹ ó fi yan àwọn tí yóò tẹ̀ síwájú. Nígbà tí eré parí, ọmọ náà lọ sílé, kò sì padà wá mọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù tó yẹ kó bá pàdé gba àmì mẹ́ta-mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò fún wọn ní góòlù kankan. Ẹni kan ṣoṣo ló rí góòlù 11 he lára ọ̀pẹ kan náà, kìkì nítorí pé orúkọ tirẹ̀ ló ṣáájú lórí ìwé.

Àwọn bàbá wa tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀ta àti ọ̀pẹ, mi ò sì tíì rí àgbà kan tó ń fi iye ọmọ ayò tó jẹ lọ́wọ́ ọ̀pẹ ṣe fọ́nńté níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀ta tó bá na ọ̀ta ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹnu ń kùn.

Bí ẹ bá rò pé mo ń ṣe àsọdùn, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa yìí ní oṣù Keje ọdún 2013. Ẹgbẹ́ Plateau United Feeders àti ẹgbẹ́ Police Machine ń du àyè kan ṣoṣo, ìyàtọ̀ góòlù ni yóò sì là wọ́n. Ní ọjọ́ kan náà, èkíní na alátakò rẹ̀ ní 79–0, èkejì na tirẹ̀ ní 67–0. Góòlù 72 nínú 79 yẹn àti 61 nínú 67 yẹn ló wọlé lẹ́yìn ìsinmi. Àjọ NFF fòfin de ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì lé àwọn agbábọ́ọ̀lù àti òṣìṣẹ́ wọn kúrò nínú bọ́ọ̀lù títí ayé. Orí pápá gidi, lójú rẹfirí, ni wọ́n ti ṣe ìyẹn. Mélòó mélòó wá ni inú yàrá kan tí ọmọ méjì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan?

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tí kì í gbá géèmù lè má mọ̀. Ẹ̀rọ ni a ń sọ fún bí ìdajì eré yóò ṣe gùn tó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà ni ẹ fi ìdajì kọ̀ọ̀kan sí. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ẹ dín in kù sí mẹ́rin-mẹ́rin. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tó gbá a láàárọ̀ ní ìṣẹ́jú méjìlá láti fi wá góòlù, àwọn tó gbá a lálẹ́ ní mẹ́jọ, síbẹ̀ tábìlì kan náà ni a ti ṣírò góòlù wọn. Kò sí ọjà tí a ti ń fi kóńgò méjì tí kò dọ́gba wọn gàrí, kí a tún máa pè é ní iye kan náà.

Ohun tí mo ń béèrè lórí kókó yìí rọrùn. Kí ìborí jẹ́ mẹ́ta, ọ̀mì ẹyọ kan, kí góòlù má ní àmì tirẹ̀ rárá. Bí àmì ọmọ méjì bá dọ́gba, ẹ kọ́kọ́ wo èsì eré tí wọ́n jọ gbá. Bí ìyẹn náà bá jẹ́ ọ̀mì, ẹ wo ìyàtọ̀ góòlù, ṣùgbọ́n kí ẹ má ka ohun tó ju mẹ́ta lọ nínú eré kan: 11–0 yóò di ìyàtọ̀ mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí 4–1 ṣe jẹ́ ìyàtọ̀ mẹ́ta. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì dọ́gba, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún un gbá. Nínú Ife Àgbáyé 2018, Senegal àti Japan dọ́gba nínú àmì àti góòlù, wọ́n sì ti gbá ọ̀mì pẹ̀lú ara wọn. Iye káàdì ofeefee ló lé Senegal lọ sílé. Àwọn tó ń darí Ife Àgbáyé kò ráyè láti tún eré gbá. Ẹ̀yin ráyè, nítorí eré kan kò gbà yín ní ìdajì wákàtí.

Ní ti ẹni tó bá fi ìdíje sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, àwọn tó ń ṣètò ìdíje chess ti yanjú rẹ̀ tipẹ́. Níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti ń bá ara wọn pàdé, bí ẹnì kan bá jáde kí ó tó gbá ìdajì eré rẹ̀, wọn a yọ èsì rẹ̀ pátá kúrò nínú ìṣirò; bí ó bá ti gbá ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èsì rẹ̀ dúró, àwọn tó kù a sì gba ìborí. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

3. Ìsọ̀rí tí kò dọ́gba. Ọmọ 18 ló wá nígbà Àjíǹde. Ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́rin, méjì ní ọmọ márùn-ún, méjì ní mẹ́rin. Ẹ mú ẹni kìíní láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, ẹ sì tún yan mẹ́rin sí i nínú àwọn tó kù, gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀ àmì, lẹ́yìn náà àpapọ̀ góòlù. Ẹni tó wà nínú ìsọ̀rí ọmọ márùn-ún gbá eré mẹ́rin. Ẹni tó wà nínú ti mẹ́rin gbá mẹ́ta. Nígbà tí ó ku àyè kan ṣoṣo, ọmọ méjì ní àmì mẹ́fà. Ọ̀kan borí lẹ́ẹ̀mejì nínú eré mẹ́ta, ó sì ní góòlù méje. Èkejì borí lẹ́ẹ̀mejì nínú eré mẹ́rin, ó sì ní góòlù 14. Ẹ mú ẹni tó ní góòlù 14, kò sì sí ẹni tó rántí béèrè pé 11 nínú 14 náà wá láti ara ọmọ tó gbé pádì lé itan yẹn. Ẹ yọ eré kan yẹn kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù fún un ni àmì mẹ́ta àti góòlù mẹ́ta nínú eré mẹ́ta.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ẹni àkọ́kọ́, ẹni tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ lè ní torí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn mí, mo gbà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò mọ akẹ́kọ̀ọ́ ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn Super Eagles mọ bí a ṣe ń tún irú èyí ṣe. Nínú ìdíje àtiwọ Ife Àgbáyé 2026 ní Áfíríkà, Eritrea yọwọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìsọ̀rí kan sì ṣẹ́ ku ẹgbẹ́ márùn-ún nígbà tí àwọn mẹ́jọ yòókù ní mẹ́fà-mẹ́fà. Nígbà tí ó di àtiyan àwọn mẹ́rin tó dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kejì, wọ́n kọ́kọ́ yọ èsì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní pẹ̀lú ẹni tó gbẹ̀yìn nínú ìsọ̀rí ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́fà, kí eré gbogbo wọn lè dọ́gba kí wọ́n tó fi wọ́n wéra. Nàìjíríà wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n mú. A ṣírò lórí ìwé lọ́jọ́ náà nílé àti níbi iṣẹ́, a jó, kò sí ẹni tó ní ìṣirò náà le jù. Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe wàhálà yẹn, ẹ pín àmì ẹnì kọ̀ọ̀kan sí iye eré tó gbá: mẹ́fà nínú eré mẹ́ta jẹ́ méjì, mẹ́fà nínú eré mẹ́rin jẹ́ ẹyọ kan àbọ̀. Ọmọ JSS 1 lè ṣe é.

4. Iná tó lọ. Ọmọ kan láti Sábó ń borí ní 2–0 nígbà tí iná lọ. Ẹnì kan ń fi fóònù ya eré náà, a sì rí ìṣẹ́jú 71 kedere lójú fóònù rẹ̀ (aago ojú ẹ̀rọ a máa sáré ka ìṣẹ́jú 90 bíi ti pápá gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi ń gbá a). Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dìde, adarí eré pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 0–0 nítorí pé ẹ̀rọ kò tọ́jú eré tó dá dúró. Ọmọ náà pàdánù 1–2. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé ẹni tí wọ́n bá ń nà kì í bínú mọ́ bí iná bá ń ṣẹ́jú. Mo tilẹ̀ rí ọ̀kan tí wọ́n ti gbá mẹ́ta sí láwọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sún mọ́ wáyà ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. N kò ní sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin yín fún un ní ìdí láti mọ̀ọ́mọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Kí èsì tó wà nílẹ̀ dúró. Kí akọ̀wé kọ ìṣẹ́jú tó kù sílẹ̀, kí ẹ tan eré tuntun pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan náà, kí wọ́n gbá a títí aago ojú ẹ̀rọ yóò fi pé iye tó kù. Nínú ọ̀ràn ọmọ Sábó, ìṣẹ́jú 19. Góòlù tuntun ni kí ẹ fi kún ti àtijọ́. Bí aago bá ti kọjá 80, tí ìyàtọ̀ sì ti tó góòlù méjì, kí eré parí síbẹ̀. Bí ó bá sì hàn pé ẹnì kan ló fa wáyà yọ, ẹ jẹ́ kí ó pàdánù 0–3 tàbí èsì tó wà nílẹ̀, èyíkéyìí tó bá burú jù fún un.

5. Eré ìkẹyìn nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àkókò kan náà. Ẹ̀rọ méjì tó fún ọmọ mẹ́rin, ẹ sì ní mẹ́rin. Láti ọdún 1982 tí Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti Austria ti mọ èsì Algeria tán kí wọ́n tó gbá tiwọn, tí Jámánì gbá góòlù kan ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó tó láti mú àwọn méjèèjì tẹ̀ síwájú, tí wọ́n sì fi ìyókù eré ṣe ìrìn fàájì, tí Algeria fi bẹ́ẹ̀ lọ sílé, Ife Àgbáyé kò tún fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ mọ́.

6. Ẹgbẹ́ àti pádì. Ìlànà àmì tó dára jù lọ láyé kò ní ṣe ohunkóhun bí ọmọ tó bá tètè jókòó bá ń mú Real Madrid tàbí Manchester City, tí ẹnì kejì yóò sì máa wá ohun tó kù. Nínú ìdíje àgbáyé tí FIFA fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, àwọn ọdún kan wà tí wọ́n sọ agbára gbogbo agbábọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ di 85, kí ó lè jẹ́ pé ọwọ́ àti ọpọlọ ni yóò là wọ́n. Bí ẹ̀rọ tiyín kò bá gbà á, kí àwọn méjèèjì mú ẹgbẹ́ kan náà. Pádì kẹta tí ẹ ní, tí igi ìdarí rẹ̀ ti apá òsì máa ń fa agbábọ́ọ̀lù lọ sápá kan fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ nù, tàbí kí ẹ gba ọmọ láàyè láti mú pádì tirẹ̀ wá láti ilé.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ìforúkọsílẹ̀ yóò parí ní òpin oṣù yìí, àwọn ọmọ kan sì ti san owó lórí ìlànà tí ìwé ara ògiri yẹn gbé kalẹ̀. Mo ń béèrè pé kí ẹ yọ ìwé náà kúrò kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Kí ẹ gbé òfin tuntun jáde, kí ẹ sì kọ ọ́ ní kíkún, láti orí àmì títí dé orí wáyà. Kí ẹ ka òfin náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo àwọn tí yóò gbá a kí eré àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì yí i padà mọ́ títí di àṣekágbá. Ẹni tó bá ti sanwó, tí òfin tuntun kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ dá ẹgbẹ̀rún méjì rẹ̀ padà fún un. Ẹ sì pe ọmọ Sábó àti akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí ẹ sọ fún wọn lójúkojú pé ẹ ti ka ìwé èsì náà.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ìkọ̀wé mi àti ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. N ó mú ọ̀kan wá sí ìpàdé yín ní ọjọ́ Sátidé, bí ẹ bá gbà mí láàyè láti wọlé. Bí ẹ kò bá sì gbà mí láàyè, n ó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò tó jẹ́ akọ̀wé èsì yín nígbà Àjíǹde,
Ògbómọ̀ṣọ́.